Ilé Ẹjọ́ Beaufort àti Ilẹ̀ tí ó Yí Ọ̀yọ́túnjí Ká

Orúkọ Ọ̀yọ́túnjí kì í ṣe àjèjì létí àwọn ọmọ awo. Púpọ̀ nínú wọn mọ̀ pé ní ọdún 1970 ni Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adélabú Adéfúnmi Kìíní tẹ ìlú náà dó sí ìgbèríko Sheldon, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n mọ̀ pé Detroit ni a ti bí Kábíyèsí, pé Matanzas ní Kúbà ni wọ́n ti gba òòṣà ní ọdún 1959, pé Abẹ́òkúta ni a ti tẹ̀ wọ́n nífá ní ọdún 1972, àti pé Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé, Olúbùṣe Kejì, ni ó fi wọ́n jọba ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1981. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè ni irú ilẹ̀ tí a tẹ ìlú náà dó sí, àti ìjọba tí ó yí i ká. Pátákó olókìkí kan wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú tí ó ń sọ fún àlejò pé ó ti ń kúrò ní Amẹ́ríkà bọ̀ sí ìjọba Yorùbá. Ọ̀rọ̀ iyì ni pátákó náà sọ. Ṣùgbọ́n ní ojú òfin Amẹ́ríkà, ìwé ilẹ̀, owó orí lórí ilẹ̀, ṣẹ́rífù àti adájọ́, ọ̀dọ̀ Káúńtì Beaufort ni gbogbo wọn wà.

Káúńtì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ìpín ìjọba tí ó sún mọ́ ohun tí a mọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà, bí agbára rẹ̀ lórí ẹjọ́ àti ilẹ̀ tilẹ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ. Ìlú kan nínú rẹ̀ ni ó máa ń jẹ́ olú ìlú, ilé ẹjọ́ ni ó sì máa ń sọ ìlú náà di bẹ́ẹ̀. Ibi tí ilé ẹjọ́ bá wà ni a ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, níbẹ̀ ni a ti ń pín ogún òkú, níbẹ̀ ni a ti ń lu gbàǹjo ohun ìní ẹni tí ó jẹ gbèsè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ ẹrú ṣe ní ilẹ̀ ní agbègbè yìí, àti bí ilẹ̀ náà ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. (Kí àlejò má sì pe orúkọ káúńtì náà bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. “Biú-fọ̀tì” ni àwọn ará ibẹ̀ ń wí.)

Ilẹ̀ Beaufort kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ó so pọ̀. Ẹnu òkun Àtìláńtíìkì ni ó wà, omi ni ó sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Erékùṣù ni Port Royal tí ìlú Beaufort fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀, erékùṣù ni Lady's Island, St. Helena, Parris Island, Hilton Head àti Daufuskie. Láàárín wọn ni àbàtà oníyọ̀ gbalẹ̀ sí, tí koríko rẹ̀ ń dúdú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó sì ń pọ́n ní ìgbà òtútù, omi òkun a sì máa kún un, a sì máa fà kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Odò Broad la àárín káúńtì náà kọjá. Odò Combahee ni ààlà rẹ̀ ní ìhà àríwá. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni Sheldon wà, ní ìhà odò Combahee yìí, níbi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ìgbà ìmúnisìn ti fi ẹrú gbin ìrẹsì. Ní àwọn erékùṣù, òwú ni wọ́n gbìn, irú òwú kan tí fọ́nrán rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn oníhunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń du. Ibà pọ̀ nínú irà. Ní ìgbà ooru, àwọn òyìnbó olóko a sá kúrò, àwọn ẹrú nìkan ni wọ́n máa ń ṣẹ́kù sí oko pẹ̀lú alábòójútó. Ìdí kan nìyí tí èdè àti ìṣe Áfíríkà fi pẹ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ tí a ń pè ní Gullah. Nígbà tí Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè, tẹ ìwé rẹ̀ lórí èdè Gullah jáde ní ọdún 1949, Yorùbá wà lára àwọn èdè Áfíríkà tí ó tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ àti orúkọ wọn dé. Wọn kì í ṣe Yorùbá nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Ọ̀yọ́túnjí ka gbogbo Gullah mọ́ ọmọ Odùduwà.

Ibà yìí kan náà ni ó ṣí ilé ẹjọ́ nídìí. Ọdún 1711 ni a dá ìlú Beaufort sílẹ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1769 pín South Carolina sí ẹkùn ẹjọ́ méje, Beaufort di ọ̀kan nínú wọn, a sì fi ilé ẹjọ́ sí ìlú náà. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà gba òmìnira, àwọn ará orí ilẹ̀ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ó ṣòro láti máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gba ẹ̀tọ́. Wọ́n gbé ilé ẹjọ́ lọ sí Coosawhatchie, ní etí odò tí ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ibẹ̀ sún mọ́ àárín ẹkùn, ṣùgbọ́n irà ni. Àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò kò fẹ́ sùn níbẹ̀ mọ́jú nígbà ooru nítorí ibà. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n tún gbé e lọ sí Gillisonville, lórí ilẹ̀ tí ó ga díẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ogun abẹ́lé fi dé.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1861, àwọn ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ já wọ Port Royal. Àwọn òyìnbó olóko sá lọ láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n fi ilé, oko àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú sílẹ̀. Títí di òní, ọjọ́ ìbọn ńlá ni àwọn Gullah ń pe ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà títí ogun fi parí, apá méjì ni ẹkùn Beaufort ní: àwọn erékùṣù wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú Gillisonville àti ilé ẹjọ́ rẹ̀, wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Harriet Tubman tọ́ àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú sọ́nà gòkè odò Combahee ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1863, tí ó sì kó àwọn ẹrú tí ó lé ní 700 jáde, ó kàn ré ààlà kọjá ni. Ọkọ̀ ọ̀hún kò rìn jìnnà sí ibi tí Ọ̀yọ́túnjí wà lónìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun Sherman dáná sun ilé ẹjọ́ Gillisonville. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìpíngún, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni ó bá ilé náà jóná. Àwọn tí wọ́n ń tọpa ìran wọn ni ó mọ bí àdánù náà ti tó. Nínú ìwé ìpíngún àwọn olóko ni a máa ń kọ orúkọ ẹrú sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti iye tí a dá lé wọn, bí a ṣe ń kọ iye màlúù. Ìwé ìtìjú ni, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi, òun nìkan ni ó fi hàn pé ẹni kan wà láyé rí. Ọmọ Beaufort tí ó bá ń wá bàbá ńlá rẹ̀ ṣáájú ọdún 1865 kò lè bá a nínú àkọsílẹ̀ káúńtì gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibòmíràn ti ń ṣe. Inú Bíbélì ìdílé, àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé àwọn ọmọ ogun àti ẹnu àgbà ni ó kù fún un. Ó ṣe é ṣe kí èyí wà lára ohun tí ó mú kí ojúbọ egúngún ní ìtumọ̀ tí ó jinlẹ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ará ọ̀run tí a lè bọ.

Ọdún 1868 ni ilé ẹjọ́ padà sí ìlú Beaufort. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn aṣojú kọ òfin tuntun fún South Carolina ní Charleston, aláwọ̀ dúdú ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó jókòó. Òfin náà ni ó sọ ẹkùn di káúńtì. Robert Smalls wà níbẹ̀.

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn Beaufort kí a má dúró lórí ọkùnrin yìí. Ọdún 1839 ni a bí i, lẹ́yìnkùlé ilé olówó rẹ̀, Henry McKee, ní òpópónà Prince. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1862, nígbà tí àwọn òyìnbó ọ̀gá ọkọ̀ lọ sùn sí ilé, ó wa ọkọ̀ ogun Planter jáde ní èbúté Charleston pẹ̀lú aya rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kí ilé olódi kọ̀ọ̀kan bí ọ̀gá ọkọ̀ ti máa ń kí i, ó sì fa ọkọ̀ lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Ìtàn yẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Èyí tí ó kan ilé ẹjọ́ ni pé, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ lu gbàǹjo ilẹ̀ àti ilé àwọn olóko tí kò san owó orí lásìkò ogun, Smalls ra ilé náà tí a ti bí i sí ìgbèkùn. Lẹ́yìn ogun, ẹni tí ó ní ilé náà tẹ́lẹ̀, De Treville, pè é lẹ́jọ́ pé gbàǹjo náà kò bófin mu. Ẹjọ́ náà gòkè dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, nínú ìjókòó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1878, Smalls sì jàre.

Ilé kan ṣoṣo kọ́ ni ìdájọ́ náà gbà là. Irú gbàǹjo bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ti rí ilẹ̀ wọn ní St. Helena àti Port Royal, ẹlòmíràn ra éékà mẹ́wàá, àwọn mìíràn da owó jọ. Bí De Treville bá ti jàre ni, gbogbo ìwé ilẹ̀ wọn ni ì bá di bébà lásán. Nítorí ìdájọ́ yìí ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìgbèríko Beaufort fi jẹ́ onílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ní ibòmíràn ní gúúsù ń dáko lórí ilẹ̀ olówó.

Àwọn alátakò wọn wá ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1878 ni a ya apá òkè, níbi tí òyìnbó pọ̀ sí, kúrò lára Beaufort, a fi dá Káúńtì Hampton sílẹ̀, a sì fi orúkọ Wade Hampton, gómìnà tí ó gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú àti ọ̀rẹ́ wọn, pè é. Ní ọdún 1912 ni a tún gé apá kan láti dá Jasper sílẹ̀. Coosawhatchie àti Gillisonville, ibùdó ilé ẹjọ́ méjèèjì àtijọ́, inú Jasper ni wọ́n wà báyìí. Beaufort kò ní wọn mọ́. Nígbà tí a tún òfin ìpínlẹ̀ kọ ní ọdún 1895 láti gba ìbò lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú, mẹ́fà péré ni aláwọ̀ dúdú tí ó jókòó níbẹ̀, márùn-ún nínú wọn sì wá láti Beaufort. Smalls wà lára wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbò kò tó.

Ilé ẹjọ́ tí ó wà ní òpópónà Bay, ní etí odò, ni ìtàn tí yóò dùn mọ́ àwọn oníṣègùn nínú ti ṣẹlẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ọkùnrin kan wà ní St. Helena, Stephaney Robinson, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dr. Buzzard. Igún ni buzzard. Iṣẹ́ egbò ni iṣẹ́ rẹ̀. “Root” ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe oògùn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ pé egbòogi. Òkìkí rẹ̀ tóbi jù lọ nínú ọ̀ràn ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kàn a lọ bá a. Buzzard a wá jókòó sí ẹ̀yìn kóòtù pẹ̀lú awò ojú aláwọ̀ búlúù rẹ̀, a máa jẹ egbò lẹ́nu, a sì tẹjú mọ́ adájọ́ àti àwọn ẹlẹ́rìí. Àwọn ènìyàn a máa bá ìyẹ̀fun nílẹ̀ kóòtù àti lórí àga. Ẹlẹ́rìí tí ó bá rí i, ẹnu rẹ̀ a máa wúwo.

Ẹni tí ó dojú kọ ọ́ ni James McTeer, ṣẹ́rífù òyìnbó tí ó gorí oyè ní ọdún 1926 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 37. McTeer kò fi rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bí ẹlẹ́rìí bá bẹ̀rù egbò ju ìwé òfin lọ, kò sí ẹjọ́ tí yóò parí. Ó wá sọ ara rẹ̀ di oníṣègùn, ó ń tú èèdì fún ẹni tí ó bá wá bá a, kò sì gba owó. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, ó gbìyànjú láti mú Buzzard fún ẹ̀sùn ṣíṣe iṣẹ́ dókítà láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn tí ọmọ Buzzard kú sínú omi, ọkùnrin náà wá bá a, àwọn méjèèjì sì bára wọn sọ àsọyé. Buzzard kú ní ọdún 1947.

Kò sí ẹ̀rí pé Ifá ni Buzzard ń dá, kò sì yẹ kí a sọ ohun tí a kò rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó ti rí ẹlẹ́rìí tí ó fi irin Ògún búra dípò Bíbélì tàbí Kùránì, yóò mọ ohun tí McTeer mọ̀. Ní ilẹ̀ wa, òfin gba irin wọlé, ó gbé e lé orí tábìlì. Ní Beaufort, ẹ̀yìn kóòtù ni egbò jókòó sí, láìní orúkọ.

Ilẹ̀ náà kò simi. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ra ilẹ̀ lẹ́yìn ogun kò kọ ìwé ìhágún. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ lápapọ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni àwa ń pè é. Ní ilẹ̀ Yorùbá, olórí ẹbí ni ó ń ṣọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá a tà lẹ́yìn rẹ̀. Kóòtù wa ti pẹ́ tí wọ́n ti fi èyí ṣe òfin. Ní South Carolina, òdìkejì ni. Kò sí olórí ẹbí ní ojú òfin. Ajogún kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọmọ tí ó ń gbé ní New York tí kò tẹ ilẹ̀ náà rí, lè ta ìpín tirẹ̀ fún àlejò, àlejò náà a sì lọ sí kóòtù láti ní kí a ta gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni owó orí. Nígbà tí afárá dé Hilton Head ní ọdún 1956, tí àwọn ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìgbafẹ́ àti pápá gọ́ọ̀fù, iye ilẹ̀ fò sókè, owó orí sì bá a fò. Ẹni tí kò bá rí i san, káúńtì a lu ilẹ̀ rẹ̀ ní gbàǹjo, yóò ní oṣù méjìlá péré láti rà á padà. Gbàǹjo owó orí ni ó fún àwọn bàbá ńlá ní ilẹ̀ ní ọdún 1863, òun náà ni ó ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọmọ wọn.

Òfin ti rọ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017 ni òfin tuntun ti fún àwọn ajogún láǹfààní láti kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tí ó fẹ́ tà, kí kóòtù tó lè tà gbogbo rẹ̀. Orúkọ Clementa Pinckney ni a fi pe òfin náà, aṣòfin tí a bí ní Beaufort, tí a pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Charleston ní oṣù kẹfà ọdún 2015.

Ìjọba káúńtì fúnra rẹ̀ yí padà lẹ́yìn òfin ọdún 1975 tí ó gba agbára ìṣàkóso abẹ́lé lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ 11, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wọ́ọ̀dù rẹ̀, ni ó ń ṣe é, wọ́n sì ń gba alábòójútó kan sí iṣẹ́. Ṣẹ́rífù àti akọ̀wé kóòtù, ará ìlú ni ó ń dìbò yàn wọ́n. Nínú ètò ènìyàn ọdún 2020, 187,117 ni àwọn ará káúńtì. Aláwọ̀ dúdú kò tó ìdá kan nínú márùn-ún wọn, ní ibi tí wọ́n ti pọ̀ ju òyìnbó lọ rí. Síbẹ̀, ohùn wọn kò parẹ́. Ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ káúńtì ṣe òfin ilẹ̀ kan tí ó dá ààbò bo àṣà St. Helena: kò gbọdọ̀ sí pápá gọ́ọ̀fù, ilé ìgbafẹ́, tàbí àdúgbò tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ní erékùṣù náà. Ní ọdún 2023, oníṣòwò ilẹ̀ kan fẹ́ kí a yọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin náà kí ó lè ṣe pápá gọ́ọ̀fù. Àwọn Gullah kún gbọ̀ngàn ìpàdé, ìgbìmọ̀ sì di òfin náà mú ṣinṣin.

Ọ̀yọ́túnjí, pẹ̀lú nǹkan bí éékà 27 rẹ̀, kéré nínú gbogbo èyí. Ìgbìmọ̀ Ògbóni ni ó ń dá ẹjọ́ abẹ́lé níbẹ̀ láti ìgbà Kábíyèsí Adéfúnmi Kìíní, tí wọ́n wàjà ní oṣù kejì ọdún 2005. Ṣùgbọ́n ìlú náà yan ibi tí ó yẹ láti fìdí kalẹ̀ sí, láàárín àwọn tí wọ́n ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn di ilẹ̀ mú ní ojú òfin tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àlejò tí ó bá ń ti Sheldon bọ̀ yóò gba Gardens Corner, yóò yà sí ọ̀nà 21, yóò sì wọ ìlú Beaufort. Ilé Smalls ṣì dúró ní òpópónà Prince. Ṣọ́ọ̀ṣì Tabernacle Baptist wà ní òpópónà Craven. Nínú ọgbà rẹ̀ ni ibojì Smalls wà, ère orí rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti, láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ère Harriet Tubman.